Ẹja Òkú Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ronú, àti Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ará Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Lóṣù tó kọjá, táńtì mi kan, àbúrò ìyá mi, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlà 24 ló wà lórí bébà náà. Níwájú ìlà 23, kò sí nǹkan kan. Níwájú ẹyọ kan tó kù, wọ́n fi ìràwọ̀ sí i, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ dúdú kirikiri. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Wọ́n gba owó, wọ́n fún un ní bébà, ó di ilé. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ó sì ti ń ṣírò owó oògùn kó tó mọ àìsàn tó fẹ́ tọ́jú. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Kí ló ń ṣe mí?"

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè bi í ni pé, "Táńtì, ìlà mélòó ni wọ́n wò?" Ó rò pé mo fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìbéèrè yẹn ní ìtàn, ìtàn náà sì kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ là á yé wa.

Ẹ mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣí ojú sókè, ó sì lè dojú bolẹ̀. Bí a bá gbà pé méjèèjì ṣe déédéé, ọ̀nà 16 ni obì náà lè gbà balẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni gbogbo awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣí ojú sókè. Bí ẹnì kan bá da obì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú gbogbo ẹbí tó sì bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó dà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lógún ìgbà, tó wá jáde síta láti sọ fún wa pé gbogbo rẹ̀ ṣí ojú? Nínú ènìyàn 100 tó bá ṣe irú èyí lógún ìgbà, nǹkan bí 72 ni yóò rí i, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Kò parọ́ fún wa. Ó rí ohun tó ní òun rí. Iye ìgbà tó dà á ló fi pamọ́.

Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Owó ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin la lò, nítorí n kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé à ń da obì nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ọmọ 48 ló ju owó sókè, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ní ọmọ 3 ló yẹ kí ti wọn dọ́gba sí ojú kan tí a ti yàn. Ọmọ 4 ló rí i. Ọ̀kan nínú wọn ti ń pariwo pé ọwọ́ òun mọ́.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí táńtì mi. Àwọn ilé àyẹ̀wò sábà máa ń fi ààlà "ara líle" síbi tí ènìyàn 95 nínú ènìyàn 100 tí kò ní àìsàn yóò bọ́ sí. Ìyẹn ni pé lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 5 nínú 100 tí ara wọn le koko yóò bọ́ síta ààlà náà. Bí ìlà bá di 24, tí wọn kò sì gbára lé ara wọn, ènìyàn 71 nínú 100 tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n ni yóò gba ìràwọ̀ kan, ó kéré tán. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò gba ìràwọ̀ kankan gan-an ló ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kedere ni Faransé kan tó ń jẹ́ Antoine-Augustin Cournot. Wọ́n bí i ní ìlú Gray ní 1801, ó kú ní 1877. Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, nítorí ìwé rẹ̀ ti 1838. Wọn kì í sábà sọ fún wa pé alábẹ̀wò àgbà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni ọkùnrin náà. (Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wò ó, alábẹ̀wò kan wà tó ṣe ohun rere.)

Ní 1843, Cournot gbé ìwé kan jáde lórí ìṣirò èèṣì. Ó mú ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí nílẹ̀ Faransé máa ń fi díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Ẹnì kan lè fẹ́ mọ̀ bóyá iye yẹn yàtọ̀ láàárín ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó àti èyí tí a bí síta. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó tún lè pín àwọn ọmọ náà sí àkọ́bí àti àwọn tó tẹ̀ lé e, kó pín wọn nípa ọjọ́ orí òbí, nípa iṣẹ́ wọn, nípa ọrọ̀ wọn, nípa ẹ̀sìn wọn. Bó bá ń pín in lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, bópẹ́ bóyá yóò kan ìpín kan tí ìyàtọ̀ ńlá ti hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèṣì lásán ni. Ohun tó sọ lẹ́yìn èyí ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní gbogbo ìpín tí kò mú nǹkan wá, olùwádìí á dà á nù láìfi ipa sílẹ̀, èyí tó mú ìyàtọ̀ wá nìkan ni aráyé yóò rí. Ẹni tí kò sì mọ iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú kò ní ohun tí yóò fi dájọ́ bóyá èèṣì ni tàbí òótọ́. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Cournot fi ìṣirò sọ nǹkan tó sún mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i fún ìgbà pípẹ́. Ní 1925, Ronald Fisher, ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé ìlànà kan fún àwọn olùwádìí, láti ibẹ̀ ni "ìdá 5 nínú 100" ti di ààlà tí gbogbo ayé ń lò: bí èèṣì kò bá lè mú irú èsì yìí wá ju ìgbà 5 nínú 100 lọ, wọ́n á ní nǹkan wà níbẹ̀. Ní 1936, Carlo Bonferroni ní Ítálì kọ òfin ìṣirò kan tí a lè fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní 1961, Olive Jean Dunn, obìnrin ará Amẹ́ríkà, wá sọ ọ́ di irinṣẹ́ tó ṣe é lò: ìdá 5 nínú 100 yẹn, ẹ pín in sí iye ìgbà tí ẹ wò. Bí ẹ bá wo ìlà 24, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjá ààlà tó le tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 1,000 kí ẹ tó pariwo. Orúkọ Bonferroni ni wọ́n ń pè é títí dòní. Obìnrin ló gbé e wọ ọjà, ọkùnrin ló ni orúkọ. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ inú ọpọlọ.

Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn dókítà wa níbí ń pè ní IRM, tí àwọn ará òdìkejì bodè ń pè ní MRI. Ní 1990, Seiji Ogawa, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀rọ yìí lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé òksíjìn àti èyí tí kò gbé e mọ́. Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń sáré lọ síbẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì rí i. Láti ibẹ̀ ni àwọn àwòrán ọpọlọ tí ẹ ń rí lórí fóònù yín ti wá, tí ibì kan pọ́n bí iná: ibi ìfẹ́ nìyí, ibi ìbẹ̀rù nìyí, ibi tí àdúrà ti ń jáde nìyí.

Ṣùgbọ́n pípọ́n yẹn kì í ṣe fọ́tò. Ìṣirò ni. Ẹ̀rọ náà gé ọpọlọ sí wóró kéékèèké, bí ẹni gé fùkù ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Nǹkan bí wóró 130,000 ló máa ń wà nínú àwòrán kan. Kọ̀ǹpútà á wá bi wóró kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà: ṣé o yí padà nígbà tí a fi àwòrán han ẹni yìí? Bí ẹ bá lo ìdá 5 nínú 100 ti Fisher, wóró 6,500 ni yóò dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nípa èèṣì lásán, bí ẹni náà tilẹ̀ ń sùn. Bí ẹ bá mú ààlà náà le sí ìdá 1 nínú 1,000, wóró 130 á ṣì pọ́n.

Òfin Bonferroni ìbá tó, ṣùgbọ́n ó ti le jù fún ọpọlọ. Wóró méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kì í dá dúró. Bí a bá bu ọbẹ̀ tọ́ wò, tí a tún bu ṣíbí kejì níbi kan náà, a kò tíì tọ́ ọbẹ̀ méjì wò. Keith Worsley, ọmọ New Zealand tó ń kọ́ni ní Yunifásítì McGill ní Montreal, ló rí ojútùú èyí. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, lórí irú àwòrán ọpọlọ tó ṣáájú èyí, pé kì í ṣe wóró ló yẹ kí á kà. Kí á kọ́kọ́ wo bí aládùúgbò ṣe jọ aládùúgbò tó, kí á wá ka iye ọ̀wọ́ tó dá dúró lóòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú. A óò padà sórí rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Irinṣẹ́ ti wà nígbà náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùwádìí kò lò ó. Wọ́n kàn ń mú ìdá 1 nínú 1,000, wọ́n ń sọ pé ó ti le tó. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé orí ẹja.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, níbi ìpàdé àwọn tó ń ya àwòrán ọpọlọ ní San Francisco, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lẹ bébà ńlá kan mọ́ ògiri. Ẹja salmon kan ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ náà, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 1.7. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹja náà kò sí láàyè lásìkò àyẹ̀wò. Wọ́n fi fọ́tò àwọn ènìyàn hàn án, wọ́n sì ní kí ó sọ irú ìmọ̀lára tí ẹni tó wà nínú fọ́tò ní. Wọ́n ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ènìyàn, láìbu ìgbésẹ̀ kankan kù.

Wóró 8,064 ni kọ̀ǹpútà wò. Pẹ̀lú ààlà ìdá 1 nínú 1,000, wóró 16 pọ́n, díẹ̀ nínú wọn sì wà níbi tí ọpọlọ ẹja náà wà gan-an. Bí ẹ bá ka àwòrán náà bí wọ́n ṣe ń ka ti ènìyàn, òkú ẹja ń ronú nípa ìṣesí ọmọ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n wá lo àtúnṣe tó ka iye ìgbà tí wọ́n wò, gbogbo rẹ̀ kú: kò sí wóró kan ṣoṣo tó pọ́n, kódà nígbà tí wọ́n dẹ ààlà náà.

Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ouando, wọ́n á béèrè bóyá àwọn òyìnbó yẹn rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2010, ní 2012 sì ni wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó ń kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú. Ó ṣòro fún ẹni tó bá ti rí ẹja yẹn láti tún fi ojú lásán wo àwòrán ọpọlọ tó pọ́n.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 2016, Anders Eklund ní Sweden, pẹ̀lú Thomas Nichols àti Hans Knutsson, yẹ àwọn tó ń ṣe àtúnṣe náà gan-an wò. Wọ́n mú àwòrán ọpọlọ ènìyàn 499 tí ara wọn le, tí wọ́n kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ bí ẹni tó ń ta ayò, wọ́n sì ṣe ìṣirò tó tó mílíọ̀nù 3 lórí wọn. Níwọ̀n bí wọn kò ti fún ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ṣe, ohunkóhun tó bá pọ́n, èké ni. Ìgbà 5 nínú 100 ló yẹ kí èké jáde. Fún ọ̀nà tó ń wo bí wóró ṣe kóra jọ sójú kan, ó ń jáde títí dé ìgbà 70 nínú 100 láwọn ibì kan. Ìdí pàtàkì rẹ̀ ni pé aládùúgbò nínú ọpọlọ jọra dé ọ̀nà jíjìn ju bí wọ́n ṣe rò nígbà tí wọ́n ń kọ ìlànà náà. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé iṣẹ́ ìwádìí 40,000 ti bàjẹ́. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé Eklund lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn tún gbólóhùn náà ṣe lọ́dún kan náà, nítorí ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń kìlọ̀ nípa èké náà lè ṣì í kà.

Ẹ ó ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹja wọn, ẹ̀rọ wọn, wàhálà wọn.

Ó kàn wá nítorí pé ìṣòro kan náà wà nínú wíwá àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ohun àbímọ́ tí wọ́n ń pè ní jíìnì, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ní 2002, ìjọ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, láti ya àwòrán ibi tí ènìyàn ti yàtọ̀ sí ènìyàn nínú DNA. Ènìyàn 269 ni wọ́n lò nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá 2005: 90 láti Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Beijing, 44 láti Tokyo, àti 90 láti Ìbàdàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tó ti dàgbà, ìdílé 30. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard nígbà náà, wà lára àwọn tó darí apá ti Ìbàdàn. Wọ́n bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ jíìnì tó ń fa ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ máa wo ojú ibi tó pọ̀ ju wóró ọpọlọ lọ fíìfíì. Ní 1996, Neil Risch àti Kathleen Merikangas ti sọ pé bí ẹ bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò mílíọ̀nù kan, ẹ pín ìdá 5 nínú 100 sí mílíọ̀nù kan: ìdá 1 nínú 20,000,000. Ààlà yẹn di òfin káàkiri ayé. Àmọ́ jíìnì náà ní aládùúgbò, bíi ti wóró. Àwọn tó wà nítòsí ara wọn sábà máa ń tọ ọmọ wá pa pọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí okùn kan. Nítorí náà ìbéèrè Worsley padà wá: ọ̀wọ́ mélòó ló dá dúró lóòótọ́?

Ní 2008, Itsik Pe'er àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ láti inú àwọn ènìyàn HapMap yẹn. Fún àwọn aláwọ̀ funfun, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Fún Áfíríkà, tó túmọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn nínú iṣẹ́ yẹn, ìlọ́po méjì ni. Ilẹ̀ wa ni ọmọ ènìyàn ti pẹ́ jù. Láti ìran dé ìran, okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà ti já, wọ́n ti tún un sín, lọ́pọ̀ ìgbà, títí aládùúgbò kò fi mọ aládùúgbò dáadáa mọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ló jáde kúrò ní Áfíríkà láti lọ kún ibi tó kù, okùn tiwọn ṣì gùn. Ajọ̀ tí wọ́n ṣe fún èlùbọ́ wọn, ojú rẹ̀ fẹ̀ jù fún tiwa. Ìdá 1 nínú 40,000,000 ló bá wa mu. Bí ẹnì kan bá mú ajọ̀ ti Yúróòpù wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, tó ní òun ti rí jíìnì tó ń fa àìsàn báyìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ó lè jẹ́ wóró ẹja òkú ló rí.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí àwa ará apá ìhín mọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀jẹ̀ yẹn ni YRI, Yorùbá ti Ìbàdàn ní Nàìjíríà, ìlànà HapMap sì sọ pé kí wọ́n má kàn pè é ní "Áfíríkà" lásán. Wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ kankan ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹ máa rí i nínú ìròyìn tí wọ́n á kàn kọ "Áfíríkà".

Táńtì mi ti padà lọ bá dókítà kan, ẹni tó fara balẹ̀. Ìlà kan yẹn nìkan ni wọ́n tún wò, kò sí 23 tó kù. Ó wà láàárín ààlà. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá ibi àkọ́kọ́ lè dá owó òun padà. Mo ní kò dájú. Bébà onírààwọ̀ náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀ títí di àná.